Mọ́ṣáláṣí Àjàṣẹ́ tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́, nílùú tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, á máa wá àgbélébùú lórí rẹ̀. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì gan-an. Àbúrò mi obìnrin tó wá kí wa láti Èkó dúró, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n ń kírun níbí ni?" Mo ní kó fara balẹ̀ ná.

Ọjọ́ Àlàmísì la lọ, láàárọ̀. Jímọ̀ kò dáa fún irú ìbẹ̀wò yìí: èrò máa ń pọ̀, kò sì yẹ kéèyàn máa ya fọ́tò ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, la gùn dé ibẹ̀. Àbúrò mi ti fi ìbòrí borí láti ilé.

Ẹ má ṣe déédéé gbé fóònù sókè tẹ́ ẹ bá débẹ̀. A kọ́kọ́ lọ kí àwọn bàbá tó jókòó sí ìtòsí, mo dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi kúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ọmọ ilé ta ni yín?" Mo dárúkọ agbo ilé wa. Ó ní, "Ẹ máa wò ó, ẹ má kàn kánjú."

A ò kánjú lóòótọ́. Mo mú àbúrò mi sún mọ́ ògiri, torí ojú ilé yẹn ni iṣẹ́ wà. Àwọn òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sára rẹ̀ ṣì yọ síta, òpó pẹlẹbẹ wà láàárín àwọn fèrèsé, orí fèrèsé sì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ọ̀dà ti ń ṣí. Níbi tó ti ṣí, ẹ ó rí ọ̀dà àtijọ́ lábẹ́ tuntun, àwọ̀ kan lórí èkejì. Ó dùn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó máa já bọ́ lójú wa.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó Faransé ló kọ́ ọ. Rárá o. Lóòótọ́, abẹ́ Faransé la wà nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí tó wà lára àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú tó padà wálé láti Bùràsílì, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló ni iṣẹ́ náà. Bahia, nílẹ̀ Bùràsílì, ni baba ńlá wọn ti sìnrú. Àwọn Yorùbá Mùsùlùmí ibẹ̀ dìde sí àwọn olówó wọn ní Salvador lọ́dún 1835, nínú oṣù Ràmàdáànì. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn tó ti dòmìnira pàápàá. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn fúnra wọn wọkọ̀ padà sí Èkó, Ouidah àti Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bá wọn bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kún Salvador, irú ilé Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi yin Allah. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó wú mi lórí ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ wọn rí, ó dún bíi ti Kìrìsìtẹ́nì. Ignacio Paraïso, tó ń gba Tòfá, ọba Àjàṣẹ́ nígbà náà, nímọ̀ràn, Mùsùlùmí ni.

Lẹ́yìn náà la yà sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva, tó wà fún ìtàn àwọn Àgùdà yìí kan náà, ṣùgbọ́n ọkàn àbúrò mi ṣì wà lára ògiri yẹn. Ó béèrè bóyá irú rẹ̀ wà l'Ékòó. Mo ní kó lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, tí João Baptista da Costa, Àgùdà bíi tiwọn, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun máa ń gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá, òun ò wo òkè rí. Mo ní kó ya fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.