Ẹ̀yin rediọ́lọ́jíìsì tẹ́ ẹ fẹ́ já pa lọ UK, Èkó níbí ni kẹ́ ẹ ti kó ìwé yín jọ

Ẹ̀yin dókítà tó ń ka ẹ́síréè àti skáànù sítì (CT), tẹ́ ẹ ti gba fẹ́lóṣíìpù yín ní National Postgraduate Medical College tó wà ní Ìjànikin tàbí ti West African College, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Ìwé ló ń dá àwọn èèyàn wa dúró, iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ dáadáa.

Nǹkan méjì ló wà ní GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní UK o. Láìsẹ́nsì ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ dókítà, FRCR, ìwé ẹ̀rí rediọ́lọ́jíìsì ti UK, sì lè bá yín gbà á láì ṣe PLAB, ìdánwò GMC fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ Specialist Register, ìwé orúkọ àwọn dókítà tó mọ ẹ̀ka iṣẹ́ kan dunjú, lọ́tọ̀, ẹni tórúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ konsọ́tántì (dókítà àgbà) pẹ́mánẹ́ǹtì ní NHS, ìyẹn ọsibítù ìjọba UK, FRCR nìkan ò sì gbé èèyàn débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo IELTS fún ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì yín, Academic ni, 7.5 lápapọ̀, kí ìkankan má wálẹ̀ ju 7.0 lọ. Good standing, ìwé tó sọ pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, tẹ́ ẹ máa gbà ní MDCN, àjọ tó ń bójú tó dókítà ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́ta péré ló ń lò, ẹ má tètè gbà á.

Ọ̀nà tiwa tá a kọ́ṣẹ́ nílé láti dé Specialist Register ni Portfolio Pathway, òun ni wọ́n ń pè ní CESR tẹ́lẹ̀. Láti 30 November 2023, wọn ò bèèrè mọ́ bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín bá tiwọn dọ́gba, wọ́n ń wò ó bóyá ẹ ní ìmọ̀, ọwọ́ iṣẹ́ àti ìrírí tó yẹ konsọ́tántì lọ́hùn-ún. Royal College of Radiologists máa yẹ̀ ẹ́ wò, GMC á wá pinnu.

Ibi tí wàhálà wà ni ẹ̀rí iṣẹ́ yín, bí èsì tẹ́ ẹ ti kọ, torí orúkọ aláìsàn ò gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ ní Sùúrùlérè, à ń fi máákà dúdú pa orúkọ aláìsàn rẹ́ lára èsì, a ti ṣe bí ọgọ́rùn-ún kí n tó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́yìn bébà kan, háà, orúkọ màmá tó ni èsì yẹn hàn kedere! Gbogbo ẹ̀ la tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti kùn ún, ẹ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀, fọ́tòkópì yẹn ni kẹ́ ẹ wo tọ́ọ̀ṣì sí kẹ́ ẹ tó skáànù ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka inú èsì náà dáadáa torí orúkọ àti nọ́ńbà káàdì máa ń sá pa mọ́ síbẹ̀.

Ẹ má kó skáànù ikùn nìkan jọ. Wọ́n fẹ́ rí àyà, egungun, ọpọlọ, ọmọdé, ọmú, gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá yín buwọ́ lu lọ́ọ̀gìbúùkù, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe sí, lóṣooṣù, torí ọ̀gá tẹ́ ẹ ń rí ní ọsibítù Ìdí-Àràbà lónìí lè ti wà ní Saudi lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá gba ipò ẹ̀ ò mọ̀ yín rí, báwo ló ṣe fẹ́ fọwọ́ sí i?

Ọ́díìtì náà o, ìyẹn kẹ́ ẹ yẹ iṣẹ́ wò, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì tún un yẹ̀ wò. Ká ní ẹ ka iye fọ́ọ̀mù sítì tí wọn ò kọ ohun tó ń ṣe aláìsàn sí, ẹ lọ bá àwọn dókítà wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ó kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀, ìkejì yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe.