Bí ẹ ṣe máa fún ayálégbé ní kúìtì nótíìsì tí kọ́ọ̀tù ò ní dà nù

Ẹ̀yin onílé Ifẹ̀ tí ayálégbé ti jẹ yín lówó, tẹ́ ẹ pè é pè é tí ò gbé fóònù mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bínú. Ìbínú ò lé ayálégbé jáde rí. Kàlẹ́ńdà ló ń lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wá àgíríméǹtì àti ríṣíìtì jáde. Ohun méjì lẹ ń wá níbẹ̀: ọjọ́ tó wọlé gan-an, àti bó ṣe ń sanwó. Tó bá jẹ́ pé oṣooṣù ló ń san, kúìtì nótíìsì (ìwé tó ń sọ fún un pé kó kó jáde) oṣù kan ni. Tó bá ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, bíi àwọn ọmọ Yunifásítì tó wà ní self-con Ẹdẹ Road àti Parakin, oṣù mẹ́fà ni, àyàfi tí àgíríméǹtì yín bá ti sọ nǹkan mìíràn, ohun tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí lẹ máa tẹ̀ lé nígbà yẹn. Ẹni tí kò bá ní ríṣíìtì kankan, kó tètè lọ ra búkù ríṣíìtì oní-dúpílíkéètì kan ní Lágere, kò wọ́n, ó sàn ju ká máa fi ẹnu jiyàn níwájú májísíréètì.

Ó dáa, ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ la dé yìí o.

Kì í ṣe kí oṣù mẹ́fà ṣáà ti pé. Oṣù mẹ́fà yẹn gbọ́dọ̀ parí síbi tí ọdún ilé rẹ̀ parí sí. Ká ní 1 Sẹ́tẹ́ńbà ló wọlé, ọdún rẹ̀ ń parí ní 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, a jẹ́ pé nótíìsì gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí Fẹ́búárì tó parí, kẹ́ ẹ sì kọ 31 Ọ́gọ́ọ̀sì síbẹ̀ bí ọjọ́ tó máa jáde. Mo ti rí onílé tó fún irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ ní nótíìsì ní 10 Máàṣì, tó wá kọ 10 Sẹ́tẹ́ńbà síbẹ̀, ó ka oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé láì dín, inú ẹ̀ dùn, àfi ìgbà tí lọ́yà ẹnìkejì dìde ní kọ́ọ̀tù pé 10 Sẹ́tẹ́ńbà ti wọnú ọdún tuntun, nótíìsì yìí ò bófin mu. Wọ́n da ẹjọ́ nù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ayálégbé ń sùn, ó ń jí, kò san kọ́bọ̀.

Èmi kì í dúró de Fẹ́búárì. Jánúárì ni mo máa ń fi ránṣẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ́yin náà máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí Máàṣì bá ti bá yín lójú oorun, ẹ má fipá gé oṣù kúrú, ẹ ka ọjọ́ náà lọ sí 31 Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀. Ó dunni, mo mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sẹ́ṣàn dà yín lójú rú. Wọ́n á ní ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, yanṣẹ́ lódì, àwọn ò tíì lo sẹ́ṣàn tán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sínú ríṣíìtì lẹ máa kà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, kì í ṣe "owó ilé sẹ́ṣàn yìí."

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wa nótíìsì jáde, wọ́n á kàn pààrọ̀ orúkọ, òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 á ṣì wà lókè ìwé. Ifẹ̀ la wà o, Ọ̀ṣun ni! Òfin Èkó yẹn gbà kí nótíìsì parí lọ́jọ́ tí ọdún ilé pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀, òfin Èkó ò sì ṣiṣẹ́ níbí. Lóòótọ́, ní 2021 Supreme Court, kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ, bá àwọn ayálégbé tó ń sá sẹ́yìn àṣìṣe inú nótíìsì wí gan-an, àwọn lọ́yà kan sì ti ń fi ìyẹn ṣe agbára. Ẹ má gbọ́kàn lé e, kíka ọjọ́ dáadáa ò ná yín ní nǹkan kan.

Ìwé fúnra ẹ̀ ò le: orúkọ rẹ̀ pé, yàrá tó ń gbé, ọjọ́ tó máa jáde, ẹ fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ lọ́yà tàbí éjẹ́ńtì ló máa fọwọ́ sí i, ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ fún un kó tó kọ nótíìsì, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sórí lẹ́tà ṣáájú ti nótíìsì.

Ẹ fà á lé e lọ́wọ́, kó fọwọ́ sí fótokọ́pì. Tó bá kọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò tó fi ilẹ̀kùn hàn. Sẹ́lótéèpù máa ń bó ọ̀dà, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́, kì í já. Ẹni tó lè wá jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ mú dání. WhatsApp nìkan ò tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣọ́ áláàtì báǹkì yín! Ọlọgbọ́n ayálégbé á rọra fi owó ọdún tuntun ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín, tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́, á ní ẹ ti tún gba òun sílé. Ẹ dá a padà, tàbí tó bá jẹ́ gbèsè àtẹ̀yìnwá ló ń san, ẹ kọ lẹ́tà pé gbèsè lẹ fi gbà á.

Tí ọjọ́ bá pé tí ò jáde, ìwé kejì ló kàn, ti ọjọ́ méje, tó ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ gba ilé yín ní kọ́ọ̀tù. Kí ti àkọ́kọ́ parí tán kẹ́ ẹ tó fún un. (Ẹni tí àgíríméǹtì rẹ̀ ti ní ọjọ́ ìparí, tó ti dópin, tẹ́ ò sì gba owó mìíràn, ti ọjọ́ méje yìí nìkan ti tó.) Kí ọjọ́ méje pé gbáko, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ pẹjọ́.

Láàárín èyí, ẹ ò gbọdọ̀ ká páànù, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn, ẹ má gé iná. Gómìnà Èkó gan-an lé Ojukwu jáde nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, ní 1986 Supreme Court bá wọn wí. Ṣé tiyín ló wá máa dára? Ẹ má sì lọ gbé ọlọ́pàá wá, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè ilé lásán.

Tí kọ́ọ̀tù bá dájọ́ tán, bélífù, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, ló máa kó ẹrù rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì yẹ mítà wò bóyá gbèsè iná wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ẹlòmíì wọlé.