Bí Àrùn Bá Wọ Ilé Ọmọ Ajá Tó Lóyún

Nǹkan bí ọjọ́ 63 péré ni oyún ajá, nítorí náà àrùn tó bá wọ ilé ọmọ rẹ̀ kì í fúnni láyè láti máa wò ó níran. Ojú ara rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Omi tó mọ́ gaara tàbí tó fà díẹ̀ bí ikun, tí kò rùn, kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọyún, ẹ̀jẹ̀, tàbí omi tó ń rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà ṣì máa jẹun. Omi aláwọ̀ ewé tó dúdú ń fi hàn pé ibi ọmọ ti ń ṣí kúrò láàyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí ọmọ àkọ́kọ́, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣáájú, tí ọmọ kò sì tètè tẹ̀ lé e, ewu ń bẹ.

Nígbà mìíràn, ẹnu ilé ọmọ a tì, kò ní sí ohun tó jáde rárá. Ajá náà a máa mu omi lámujù, a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, a máa bì, ikùn rẹ̀ a sì máa wú. Àwọn kan ti retí ọmọ nínú irú ikùn bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọyún ló kún inú rẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ajá bá wá akọ ni àìsàn yìí sábà máa ń dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ 25 lẹ́yìn tí akọ gùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da tetracycline tó ṣẹ́ kù nílé sínú oúnjẹ rẹ̀, nítorí ó ń ba egungun àti eyín àwọn ọmọ inú jẹ́. Dókítà ni yóò yan oògùn, tí yóò sì wọn ajá kó tó sọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gba ẹ̀mí ìyá là, ẹ má fawọ́ sẹ́yìn nítorí owó ọmọ ajá.

Bí oyún bá wálẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 55, ẹ fura sí kòkòrò Brucella canis, tó lè ran ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di ohun tó jáde sínú ọ̀rá méjì fún àyẹ̀wò, kí aláboyún àti ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀. Ajá tí àyẹ̀wò bá fi kòkòrò náà hàn lára rẹ̀, ì báà jẹ́ akọ tàbí abo, kò gbọdọ̀ gùn tàbí kí a gùn ún mọ́, nítorí oògùn kì í sábà mú un kúrò pátápátá.