Ẹ fi géèmù Unpacking sinmi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Road máa ń tán lókun kí ẹ tó délé, ẹ wá Unpacking sórí fóònù yín. Àwọn ará Ọsirélíà ló gbé e jáde lọ́dún 2021. Kò sí ìjà, kò sí aago tó ń lé yín. Ẹrù obìnrin kan tó ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, láti 1997 dé 2018, lẹ ó máa tú, tẹ́ ẹ ó sì máa tò.

Ẹ tètè tú gbogbo páálí tán ná. Ìgbà yẹn ni ìlà pupa tó ń yọ lára ohun tí kò sí láyè rẹ̀. Ẹ má gba orúkọ yàrá gbọ́ jù, ẹrù ilé ìdáná lè wà nínú páálí bẹ́ẹ̀dìrúùmù. Nílé ọdún 2010, ilé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ráyè lára ògiri: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ tì í sí. Ó dùn mí wọra! Bó bá sì sú yín, ibì kan wà nínú sẹ́tìn tí ẹ ti lè gbà kí ẹrù wà níbi tó bá wù yín.