Bó o ṣe máa ka Agricultural and Biosystems Engineering, ìwọ ọmọ Okun

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kábà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin kan pè mí láti Ìsánlú, ẹkún ló ń sun lórí fóònù, mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló kú ni. Mechanical Engineering ló fi sínú JAMB, wọ́n wá fún un ní Agricultural and Biosystems Engineering, bàbá ẹ̀ sì ti ń bi í pé ṣé oko ò sí nílé ni, tó fi fẹ́ sanwó lọ kọ́ ọ ní yunifásítì. A sọ̀rọ̀ pẹ́ gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ń sọ "o" ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú, àbúrò mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà lo máa jẹ́ o, COREN, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà, ló máa forúkọ ẹ sílẹ̀ bíi ti àwọn civil àti mechanical. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ohun ẹlẹ́mìí ni ìwọ á máa bá ṣe: ilẹ̀, omi, irúgbìn, ẹran ọ̀sìn, oúnjẹ tó wà nínú àpò. Irin tó o bá gbé sílẹ̀ lónìí, o ṣì máa bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó o bá wú lónìí, kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ fún ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ mọ irin, ó tún gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀gẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kọ́ọ̀sì yìí le ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Má jẹ́ kí orúkọ dà ẹ́ láàmú. Ní Ìlọrin àti Landmark tó wà ní Òmù-Àrán, Agricultural and Biosystems ni wọ́n ń pè é, ní ABU Zaria Agricultural and Bioresources, ní Ifẹ̀ Agricultural and Environmental, bó o bá sì ń wá ibi tó o ti máa ṣe másítà ní Amẹ́ríkà, Biological Systems Engineering ni wàá rí ní Virginia Tech àti Nebraska-Lincoln. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tó yẹ kó o wádìí ni bóyá COREN ti fọwọ́ sí dípáátímẹ́ǹtì ọ̀hún.

Ní ti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics àti Chemistry ni. Mo ti rí ọmọ tó fi Biology rọ́pò Physics torí ó gbọ́ "Agricultural", ọdún yẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni, ẹni tó bá gba direct entry, ìyẹn tó wọlé sí 200 level tààrà, á lo mẹ́rin.

Tó o bá ti wọlé, ọdún méjì àkọ́kọ́ o ò ní rí nǹkan tó jọ oko rárá, gbogbo ẹ̀ Maths, Physics, engineering drawing, workshop, thermodynamics (ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára), ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé kí ni mo wá ṣe síbí. Fara dà á. 100 level ni kó o ti kó máàkì jọ torí CGPA (àròpín máàkì ẹ láti 100 level) 4.50 tí wọ́n ń béèrè fún first class, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.8 á sáré títí kó tó bá a. Má ka Maths bí ẹni ń ka ìtàn, mú bírò, ṣe é lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ ìbéèrè mẹ́ta péré. Kó o sì máa wo yúnìtì o! Kìlógíráàmù ni àbí gíráàmù, lítà ni àbí mítà kúbíìkì, ibẹ̀ ni máàkì ti ń ṣòfò jù.

Láti 300 level lọ lọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ẹ́. Ìyá mi ń ta àgbàdo, bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo ti gbẹ, á ju hóró kan sẹ́nu á fi eyín gé e, bó bá dún kó, ó ti gbẹ nìyẹn. Ohun tí ìyá mi ń fi eyín wọ̀n yẹn ni wọ́n ń pè ní moisture content, ìyẹn bí omi inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ká ní àpò àgbàdo kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù, omi inú ẹ̀ sì jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún: omi jẹ́ 12.5, àgbàdo gan-an jẹ́ 37.5. O fẹ́ sá a títí omi á fi ku 13 nínú ọgọ́rùn-ún kó má baà bu nínú àpò. Àgbàdo gan-an ò lè dín kù, 37.5 náà ni, àmọ́ ní báyìí ó ti di 87 nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà fi 0.87 pín 37.5, àpò náà á wá jẹ́ nǹkan bíi 43.1 kìlógíráàmù. Omi tó fò lọ jẹ́ 6.9. Kìlógíráàmù omi kan tó ń hó kì í di oru láìgba ooru tó tó nǹkan bíi 2,260 kilojoule, ìṣirò igi ìdáná ti dé nìyẹn, thermodynamics tó o ń sá fún ní 200 level náà nìyẹn. Ṣọ́ra fún wet basis àti dry basis: 25 tí mo sọ yẹn, wet basis ni, ìyẹn omi lórí gbogbo ìwọ̀n àpò náà, bó o bá gbé omi lé orí àgbàdo gbígbẹ nìkan, 33.3 ló máa jẹ́, dry basis nìyẹn. Bí ìbéèrè ò bá sọ èyí tó fẹ́, kọ èyí tó o lò sílẹ̀.

Nígbà họ́lídè, má jókòó sílé. Gbé òṣùwọ̀n lọ síbi tí wọ́n ti ń din gàrí. Wọn ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bó o, wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bó o, lẹ́yìn tí wọ́n rin ín, lẹ́yìn tí wọ́n fún un, àti nígbà tó di gàrí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń jókòó ti iná, èéfín lójú, ẹ̀yìn títẹ̀, kó o bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Wo èso kájú tó ń jẹrà nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ kóró lórí ẹ̀ tán. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ Ìjùmú tàbí Yàgbà á fi máa wá àkọlé pùrójẹ́ẹ̀tì kiri ní 500 level nígbà tí eléyìí wà lẹ́yìnkùlé. Nínú àwọn ẹ̀ka tó o lè yàn, soil and water náà dáa, machinery dáa, ilé ẹran náà dáa, àmọ́ bó bá jẹ́ èmi, processing and storage (ṣíṣe irè oko àti ìtọ́jú ẹ̀) ni mo máa ní kó o mú, torí ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

IT, ìyẹn ìgbà tí wọ́n á rán ẹ lọ kọ́ṣẹ́ níta yunifásítì, wà ní 400 level, oṣù mẹ́fà ni. NCAM tó ń ṣe ẹ̀rọ oko wà ní Ìdòfìàn, téèyàn bá gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin lójú ọ̀nà Òmù-Àrán ó máa kọjá níbẹ̀, NSPRI tó ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irè oko náà wà ní Ìlọrin. Tètè kọ lẹ́tà. Níbi tí èmi ti ṣe tèmi, fọ́tòkọ́pì ni wọ́n fi mí ṣe fún oṣù méjì, inú mi ò tíì dùn sí i títí dòní, torí náà bi ẹni tó ti lọ síbẹ̀ rí bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ IT fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Máa kọ logbook lójoojúmọ́, kó o máa ya àwòrán sí i.

Àbúrò mi ti gbà. Òṣùwọ̀n oníkọ́, èyí tó ń wọn 50 kìlógíráàmù, ni mo rà fún un, bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó, ó fi wọn iṣu.