Bí obìnrin tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè tètè mọ ipò tí kíndìnrín rẹ̀ wà

Káàkiri ayé, obìnrin tó ní àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ pọ̀ ju ọkùnrin lọ, síbẹ̀ ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Níbi tí aláìsàn ti ń sanwó látinú àpò ara rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí tálákà lè gbára lé. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìtọ̀ àárọ̀ fún àyẹ̀wò purotéènì: ẹ kọ́kọ́ tọ díẹ̀ dànù kí ẹ tó gbé ike sí i. Ẹ má ṣe é nígbà nǹkan oṣù, torí ẹ̀jẹ̀ lè mú kí èsì purotéènì ṣini lọ́nà.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún creatinine, ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín sì ń sẹ́ dànù, ni ibi tí wọ́n ti ń gbójú fo obìnrin jù. Bí èsì bá jẹ́ 1.2 mg/dL, eGFR (ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa tó) ọkùnrin ẹni 60 ọdún á jẹ́ bíi 69. Ti obìnrin ojúgbà rẹ̀ á jẹ́ bíi 52. Iṣan obìnrin sábà máa ń kéré, creatinine tó ń tú jáde kò sì pọ̀. Bí ilé àyẹ̀wò bá kàn kọ “ó dára”, ẹ ní kí wọ́n ṣírò eGFR. Bí kò bá tó 60, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti ru nínú oyún rí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, bí ọmọ náà tilẹ̀ ti dàgbà. Ẹ jìnnà sí lílo ibuprofen léraléra, oògùn ìrora tó lè pa kíndìnrín lára.