Ìwé Kékeré Ẹ̀gbẹ́ Tẹlifíṣọ̀n: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìdí Tí Ìpolówó Kan Fi Ń Padà Wá Ṣáá

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Houston, ọdún kẹsàn-án rèé. Màmá òyìnbó tí mo wà lọ́dọ̀ wọn báyìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tẹlifíṣọ̀n wọn kì í sì í kú láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí mo bá wọlé títí di aago mẹ́rin tí mo bá gbé báàgì mi. Ìròyìn, ètò ilé-ẹjọ́, eré ìdíje owó, ìròyìn. Láàárín wọn, ìpolówó kan náà, títí orí á fi fẹ́ fọ́. Oògùn àtọ̀gbẹ. Lọ́yà. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Lọ́yà mìíràn. Lọ́jọ́ tó sú mi, mo mú ìwé ilé-ìwé ọmọ mi kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi. Láàárín wákàtí mẹ́rin, ìpolówó ìnṣọ́ránsì kan ṣoṣo jáde nígbà mọ́kànlá. Mo ní ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé ṣá?

Orí wọn pé. Ìyá mi ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi kí n tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà. Àgbàdo sísè ni wọ́n ń kiri ní Òṣogbo nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn. "Láńgbé jinná o!" Ojúlé kan náà la máa ń gbà kọjá nígbà mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ kan. Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn ará ilé yẹn ò gbọ́ ni. Wọ́n ní, "Wọ́n gbọ́. Ebi ni ò tíì pa wọ́n."

Ó yá, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ yan wákàtí kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó jẹ́ wákàtí kan náà àti ìkànnì kan náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń polówó, kí ẹ fa igi kan nígbàkígbà tó bá jáde. Ẹ má wulẹ̀ kọ èyí tó pa yín lẹ́rìn-ín tàbí tó bí yín nínú, igi nìkan ni kí ẹ fà. Lọ́jọ́ keje, ẹ mú mẹ́ta tí igi wọn pọ̀ jù, kí ẹ wá máa wádìí wọn wò.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ebi ọjà yẹn máa ń pa èèyàn. Ẹ wo ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi òfin dè é pé kí ẹ ní in. Ẹni tó bá ti rà á lè má yí padà fún ọdún mẹ́wàá, àfi lọ́jọ́ tí bíìlì tuntun bá dé tí inú bí i, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ yẹn. Ọjà náà kò ṣeé tọ́ wò, kò ṣeé fọwọ́ kàn, tẹni yìí ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tẹni yẹn lójú ẹni tó ń rà á. Kí ló wá kù tí wọ́n máa polówó? Orúkọ ni. Láti 1999 ni GEICO ti ń lo ọmọ́nlé aláwọ̀ ewéko tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tí kò tíì tó ẹni tó ń wa mọ́tò mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn ju orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè iye tí oníbàárà kan ṣoṣo tó lọ́wọ́ wọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ lọ́yà wà. Kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá ẹjọ́ Bates ní 1977, èèwọ̀ ni kí lọ́yà polówó ara rẹ̀ níbí. Nísinsìnyí, wọ́n á ní ẹ ò ní san kọ́bọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá jàre. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jàre, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà sábà máa ń di tiwọn, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ẹni kan tí ẹjọ́ rẹ̀ wúwo lè san owó ìpolówó ọjọ́ púpọ̀. Àwa yòókù tí etí wa ń ho, a kàn wà nílé nígbà tí wọ́n ń kiri ni.

Ẹ wá wò ó bóyá ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ẹ rántí Camp Lejeune? Bárékè àwọn ọmọ ogun Marine ni, ní North Carolina. Láti 1953 títí di 1987, kẹ́míkà olóró wà nínú omi ibẹ̀. Ní August 2022, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ẹni tó gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 30 ó kéré tán lè pe ìjọba lẹ́jọ́, ọdún méjì péré sì ni wọ́n fi sí i. Àwọn tọ́rọ̀ kàn ti túká káàkiri, lọ́yà ò mọ ilé wọn, ọjọ́ sì ń lọ. Ẹ ò rí i pé ariwo ló kù! Màmá ò dé North Carolina rí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nọ́ńbà fóònù yẹn lórí.

Ilẹ̀ máa ń ṣú bá oògùn náà. Ẹ̀tọ́ tó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan nìkan máa ta oògùn tuntun jẹ́ ọdún 20 láti ìgbà tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè fún un, ìdánwò á sì ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí oògùn tó dé ọjà. Wọ́n ní láti yára tà. Tí ẹ̀tọ́ náà bá parí, àwọn ẹlòmíì á máa ṣe é lówó pọ́ọ́kú, ìpolówó á sì dákẹ́. Amẹ́ríkà àti New Zealand nìkan ló sì gbà kí wọ́n máa polówó oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ará ìlú. Ní 1997, FDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn, dẹ okùn: kí wọ́n sáà sọ àwọn ewu tó le jù, kí wọ́n sì júwe ibi tí a ti lè rí ìyókù kà. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya á fi máa gun kẹ̀kẹ́ létí òkun, tí ohùn kan á sì máa ka ẹ̀jẹ̀ dídà àti ikú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ oògùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ bi dókítà yín bóyá èyí tó ti pẹ́ lọ́jà, tí kò wọ́n, lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwòrán. Èyí tí wọ́n fi sí ìkànnì kan sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ìkànnì kejì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìpè ti wá. Owó ìpolówó ojú ọ̀sán kò tó ti alẹ́, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù nídìí tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Bí ìpolówó kan bá ń padà wá ní aago mẹ́wàá lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kan ń tẹ̀ wọ́n láago ní aago mẹ́wàá.

Màmá wà lára wọn lọ́dún kan. Oṣù November ni, mo jáde lọ gba oògùn wọn. Kí n tó dé, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìpolówó Medicare kan, wọ́n ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ètò tó ní eyín ọ̀fẹ́ àti owó oúnjẹ, wọ́n ti gbà fún un. Ní January, dókítà tó ti ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ pípẹ́ kò gba káàdì tuntun náà. Ohun tó yọ wá ni pé ẹni tó wà nínú Medicare Advantage, ìyẹn Medicare (ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn arúgbó) tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, lè yí padà lẹ́ẹ̀kan láàárín January 1 sí March 31.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí òbí yín wà níbí, ẹ lẹ nọ́ńbà Medicare fúnra rẹ̀, 1-800-633-4227, mọ́ ara fóònù wọn. Ẹ sọ fún wọn pé bí ara wọn bá wà lọ́nà àtipe nọ́ńbà orí tẹlifíṣọ̀n, èyí ni kí wọ́n pè. SHIP, ètò ìgbaninímọ̀ràn nípa Medicare, náà wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," kí ó gba orúkọ ètò náà sílẹ̀, kí ó sì pe ọ́fíìsì dókítà rẹ̀ bóyá wọ́n ń gbà á.

October 15 ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn ètò Medicare yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, December 7 ló ń parí. Ẹ ṣí ìwé yín ní December 8. Nínú tèmi lọ́dún tó kọjá, lọ́yà gba igi mẹ́sàn-án, ọmọ́nlé gba mẹ́fà, Medicare ò ní ẹyọ kan. Ní bí aago mọ́kànlá, Màmá wo ojú tẹlifíṣọ̀n títí, wọ́n wá bi mí bóyá ara ọkùnrin onírun funfun tó máa ń polówó Medicare yẹn ò yá ni.